Ojú, Ìtọ̀ àti Ìgbẹ́: Bí Àwọn Oníṣègùn Ṣe Kọ́ Láti Dá Àrùn Ẹ̀dọ̀ Mọ̀ Lára Ọmọdé

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn baba wa ń pe àìsàn tí í mú kí ẹyin ojú pọ́n rúsúrúsú. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, nítorí àyẹ̀wò ni òun fúnra rẹ̀: ó ní kí a wo ojú, kí a sì wo ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Láàárín ọdún 1891 sí 1892, John Thomson ti Edinburgh kó ìròyìn jọ nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ọ̀nà òróòro wọn dí. Òróòro ni ó ń pa ìgbẹ́ láró; bí kò bá dé ìfun, ìgbẹ́ yóò funfun bí ẹfun. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa mu ọmú dáadáa, kí ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń le lábẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1959 ni Morio Kasai, ní Japan, kéde iṣẹ́ abẹ tí ó fi so ìfun mọ́ ẹ̀dọ̀ náà tààrà. Ó sì wá hàn pé iṣẹ́ abẹ yìí máa ń yọrí sí rere jù bí ọmọ kò bá tí ì pé 60 ọjọ́.

Ní 1963, ní Denver, Thomas Starzl gbìyànjú láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí ó ní àrùn yìí. Ọmọ náà kú lórí tábìlì. Nígbà tí ìpààrọ̀ wá ń ṣeé ṣe, ìbéèrè dé: ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe fún? Ìwọ̀n Child àti Turcotte ti 1964, tí Pugh tún ṣe ní 1973, ni ó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀: orúkọ oníṣègùn náà túmọ̀ sí ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n ṣe ìwọ̀n rẹ̀ fún. Ọdún 2002 ni Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwọ̀n ti ọmọdé, èyí tí ó ka àìdàgbà tó bí ó ti yẹ mọ́ àmì àrùn.

Lójú tèmi, páálí lásán ló ṣe jù. Láti 2004 ni Taiwan ti ń fi páálí aláwọ̀ sínú ìwé ìlera ọmọ, kí ìyá lè fi ìgbẹ́ ọmọ wé e nínú ilé.

Mo bi ìyá mi àgbà léèrè nígbà kan nípa ọmọ ọwọ́ kan tí ibà yìí pa nínú agbo ilé wa, tí wọ́n ń gbé sí oòrùn àárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ rẹ̀ funfun. Ọmú ni wọ́n ní ó mu jù.