Ta Ló Pín Kọ̀ǹpútà Wa sí C àti D?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jẹ yọ bí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti sún mọ́lé: "Dírafù C mi ti kún, àmọ́ D ṣófo." Láti Ìba dé Òkòkómáíkò, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé ẹjọ́ yìí lọ. Ìdáhùn tí wọ́n sì sábà máa ń gbà kò ju méjì lọ: ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì rẹ̀, tàbí kí ẹ lọ ra òmíràn. Ká tó gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó yẹ ká bèèrè ìtàn. Ta ló pín ilé kan ṣoṣo yìí sí yàrá méjì, kí sì nìdí?

Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé RAMAC jáde, òun sì ni kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ ní háàdì dísìkì. Àwo 50 ni wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìwúwo rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà.

Nígbà tí IBM ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní 1981, kò fi háàdì dísìkì sí i. Flọ́pì ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀. Ojú kìíní ń jẹ́ A, ojú kejì ń jẹ́ B. Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, PC XT jáde pẹ̀lú háàdì dísìkì 10 MB. A àti B ti ní olúwa, ni àlejò bá gba C. Flọ́pì ti di ohun àtijọ́ báyìí, ṣùgbọ́n C kò kúrò níbi tó jókòó sí. Ọdún 1983 yìí kan náà ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASU sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ẹgbẹ́ ni yunifásítì wa àti dírafù C.

Ìgbà yẹn náà ni ìpín, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní partition, dé orí àwọn kọ̀ǹpútà yìí. DOS 2.0, tó bá PC XT wọlé, fi tábìlì kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì, ojúlé mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀. Ìdí ni pé oríṣi ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà pọ̀ nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ kí ju ẹyọ kan lọ lè gbé lórí dísìkì kan láìjà. Ààlà àlàáfíà ni.

Ìdí kejì ni pé DOS kò mọ iye kà kọjá ibì kan. Ìpín tó bá ti ju 32 MB lọ, kò lè lò ó. Ẹni tó bá ra dísìkì 40 MB kò ní ohun tí yóò ṣe ju pé kó gé e sí méjì lọ, ìyẹn ni DOS 3.3 ṣe mú ọ̀nà àtipín in sí C, D àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ní 1987. Ọdún kejì ni DOS 4.0 gbé òdiwọ̀n náà kúrò, ṣùgbọ́n àṣà pípín ti wọ àwọn ènìyàn lára. Nígbà tó yá, òdiwọ̀n tuntun tún dé ní 2 GB, títí di 1996 tí FAT32 bá ẹ̀dà kejì Windows 95 wọlé.

Ìdí kẹta ni ìfiṣòfò. Bí ìpín bá ṣe tóbi tó lábẹ́ ètò àtijọ́ yẹn ni ìgbá tí wọ́n fi ń wọn àyè ṣe ń tóbi tó. Lórí ìpín 2 GB, ìgbá kan tó 32 KB, nítorí náà lẹ́tà kékeré tí kò ju 1 KB lọ yóò gba odidi ìgbá kan. Ẹni tó bá gé dísìkì rẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń jèrè àyè nígbà náà. Ìgbà yẹn ti lọ. Lónìí, NTFS tí Windows ń lò kò ní wàhálà yìí mọ́. Àwọn ìdí tó bí ògiri ti kú, ògiri ló kù.

Ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé ààlà kì í bí ilẹ̀. Ẹ wo Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó di 57 nígbà tí wọ́n dá àwọn agbègbè ìdàgbàsókè tuntun sílẹ̀. Inú Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti gé Ìba àti Ọ̀tọ̀-Àwórì jáde. Ọ́fíìsì pọ̀ sí i, alága pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan fẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísìkì rí. Dísìkì 500 GB tí wọ́n gé sí 100 àti 400, 500 náà ni. C tó kún, ẹni tó pín in ló fún un ní kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Iṣẹ́ wa kì í ṣe ojú ìwé nìkan. A ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì orílẹ̀, ìjálá, ẹkún ìyàwó. Ohùn tí a kò fún pọ̀ máa ń gba nǹkan bíi 10 MB ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 600 MB ní wákàtí kan. Gbogbo háàdì dísìkì 1983 yẹn kò lè gbà ju ìjálá ìṣẹ́jú kan lọ. Windows 11 nìkan sì ń béèrè 64 GB, ìlọ́po 6,400 dísìkì yẹn, kí ẹ tó kó ẹrù tiyín dé. Bí ẹni tó kì oríkì fún wa bá ti papò dà, kò sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè fọ́máàtì kó sì dá ohùn náà padà.

Nítorí náà, kí a tó wó ògiri, kí a kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. D kì í ṣe ìta o. Orí dísìkì kan náà ni òun àti C wà, bí dísìkì bá sì kú, méjèèjì ló kú. Ìta ni fláàṣì, dísìkì àfikún, tàbí àyè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá ilé: ẹ yẹ Downloads wò, ẹ sì lo Disk Cleanup. Ẹ wá ṣí Properties fóódà Documents, Music àti Videos, kí ẹ lo Location láti kó wọn lọ sí D. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàhálà parí síbẹ̀, a kò fọwọ́ kan ààlà kankan.

Bó bá di dandan kí ògiri sún, Windows ti lè ṣe é fúnra rẹ̀ láti ìgbà Vista ní 2007, nínú Disk Management. Ṣáájú ìgbà náà, ètò tí à ń rà bíi PartitionMagic ni wọ́n ń lò. Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n á dín D kù, síbẹ̀ Extend Volume lórí C kò ní jẹ́ títẹ̀. Ìdí ni pé àyè òfìfo gbọ́dọ̀ fara kan C ní apá ọ̀tún. Bí a bá dín D kù, ẹ̀yìn D ni àyè yóò bọ́ sí, D yóò sì dúró láàárín bí onílé tó dí ọ̀nà. Ẹ kó ohun inú D jáde, ẹ pa D rẹ́, ẹ fa C gùn, kí ẹ wá fi ìyókù dá D tuntun. Kí bátìrì yín kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí iná wa kì í dágbére.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ ní Alaba. Ní 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n ra háàdì dísìkì àlòkù, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá ìwé àwọn tó ti lò ó rí níbẹ̀. Fọ́máàtì kíákíá kì í nu ojú dísìkì oníyípo. Orúkọ ara ògiri nìkan ló ń pa, ẹrù ṣì wà nínú yàrá títí tí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì pa ìpín rẹ́ lè rí nǹkan gbà padà bí kò bá kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ta láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láìnù ún dáadáa ti ta àṣírí rẹ̀ mọ́ ọn. SSD yàtọ̀ ní tirẹ̀, ohun tí a bá pa rẹ́ níbẹ̀ lè lọ láìpẹ́, kó má sì padà mọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àgbà nídìí ọ̀rọ̀ C àti D. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún yìí, ẹ ṣe ẹ̀dà kan síta lónìí, kí ẹ tó dé ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.