Òjé Nínú Òjò Dídì: Ẹ̀rí Tí Greenland Jẹ́

Bí ọyẹ́ bá dé tí a kò nu ojú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ó bá fi ìka kàn án yóò mọ̀ pé eruku ti bà síbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, eruku yóò gorí eruku. Ṣùgbọ́n a máa ń nù ún, òjò sì máa ń fọ orí òrùlé wa mọ́, nítorí náà kò sí ilé kan láàrin wa tí ó lè sọ irú eruku tí ó fẹ́ ní ayé àwọn baba ńlá wa. Ibì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í nù. Èyí ni Greenland, erékùṣù ńlá tí ó wà ní ìhà àríwá ayé, àti Antarctica tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ kì í bọ̀ bí omi. Dídì ni ó ń dì bọ̀ láti òkè, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, díẹ̀ kíún ni ó sì ń yọ́ nínú rẹ̀ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Ti ọdún yìí a bọ́ lé ti èṣí lórí, ti èṣí a tẹ ti ìjẹrin mọ́lẹ̀, títí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi di yìnyín líle bí òkúta. Ní Greenland, yìnyín yìí nípọn ju kìlómítà mẹ́ta lọ ní ibi tí ó jìn jù. Ohunkóhun tí ó bá sì wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí òjò náà rọ̀, ìbáà ṣe eruku, èéfín, iyọ̀ òkun tàbí eérú òkè ayọnáyèéfín, ó ti bá a sọ̀kalẹ̀, ó sì ti sin ín síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ yìí ni ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Ernst Sorge. Ní ọdún 1930, Alfred Wegener kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sí Greenland, wọ́n sì pa ibùdó kan sí àárín yìnyín, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Eismitte. Ilé kò sí níbẹ̀. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òjò dídì ni Sorge, Johannes Georgi àti Fritz Loewe ti lo ìgbà òtútù náà. Ẹsẹ̀ Loewe ti kú nínú òtútù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ láìsí dókítà. Wegener fúnra rẹ̀, tí ó mú Loewe wá, gbéra padà sí etíkun ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ó pé ẹni 50 ọdún gan-an, òun àti ọmọ Greenland kan, Rasmus Villumsen. Kò sí èyí tí ó dé ilé nínú àwọn méjèèjì. Oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni wọ́n tó rí òkú Wegener; ti Villumsen kò di rírí títí di òní.

Ní gbogbo àkókò náà, kànga ni Sorge ń gbẹ́. Ọwọ́ ni ó fi gbẹ́ ẹ, ó jìn tó mítà 15, ó ń gé òjò dídì náà ní bíríkì-bíríkì, ó sì ń wọn ìwúwo rẹ̀ bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀. Ó rí i pé èyí tí ó bọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí ó bọ́ nígbà òtútù kò rí bákan náà, wọ́n sì tò tẹ̀ léra wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ka ọdún sẹ́yìn bí ẹni ń ka ojú ewé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó kan tí wọ́n pè ní Camp Century sábẹ́ òjò dídì Greenland láàrin 1959 sí 1960. Ní 1966, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu yìnyín níbẹ̀ kan ilẹ̀ gidi nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti wọlé tó nǹkan bí mítà 1,390. Willi Dansgaard, ọmọ Denmark, ni ó yẹ yìnyín náà wò, ó sì kéde ní 1969 pé àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ 100,000 ọdún. Bí ẹnìkan bá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ọdún tí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́, àmì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kíkà. Òkè Tambora ní Indonesia bú gbàmù ní 1815, ásíìdì rẹ̀ sì wà nínú yìnyín ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tí àwọn alágbára ayé ń dán wò láàrin 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960 náà fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ ti mọ ibi tí òun dé.

Ti afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yìnyín náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìwé kan lọ́tọ̀. Ní Dome C ní Antarctica, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn tó 800,000 ọdún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí èéfín iná àti ti ọkọ̀ ń mú jáde, kò ju nǹkan bí ìdá 300 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Lónìí, ó ti kọjá 420. Ṣùgbọ́n òjé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí pé níbẹ̀ ni òjò dídì ti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì yí òfin padà.

Ẹni tí ó pe ẹlẹ́rìí náà jáde ni Clair Patterson, ọmọ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1922. Ohun tí ó ń wá tẹ́lẹ̀ kò jọ mọ́ èyí rárá. Ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé ni ó fẹ́ mọ̀, ó sì fẹ́ fi òjé tí ó wà nínú òkúta tí ó jábọ́ láti ojú ọ̀run ṣírò rẹ̀. Ní 1956 ó kọ èsì rẹ̀ jáde, bílíọ̀nù 4.55 ọdún, iye tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò. Kí ó tó rí i, ìyà jẹ ẹ́. Nígbàkigbà tí ó bá wọn òjé inú òkúta, ó máa ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Òjé wà lára tábìlì, ó wà nínú omi, ó wà nínú eruku yàrá, ó wà ní irun orí òun fúnra rẹ̀. Ó ní láti kọ́ yàrá àyẹ̀wò kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ sísẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láìpààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ó sinmi: níbo ni gbogbo òjé yìí ti wá?

Inú epo mọ́tò ni ó pọ̀ jù ti wá. Ní 1921, Thomas Midgley tí ń bá General Motors ṣiṣẹ́ rí i pé bí a bá da èròjà olójé kan mọ́ bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì kò ní lu gbà-gbà mọ́. Ní 1923 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ní 1924, orí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń po ó ní New Jersey dàrú, márùn-ún nínú wọn sì kú. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó máa lọ. Robert Kehoe, dókítà tí àwọn tí ń ṣe òjé náà ń sanwó fún, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lékè fún nǹkan bí 40 ọdún. Ohun tí ó ń sọ ni pé òjé ti wà lára ènìyàn láti ilẹ̀ wá, pé ara mọ bí yóò ti ṣe é. Ẹ kíyè sí irú àwíjàre yìí. Ó le láti já, nítorí pé gbogbo ẹni tí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà náà ni a óò bá òjé lára rẹ̀. Níbo ni a ó ti rí ẹni tí kò mí irú afẹ́fẹ́ yẹn rí?

Ní 1965, Patterson kọ ọ́ jáde gbangba pé òjé tí ó wà lára àwọn ará Amẹ́ríkà tó ìlọ́po 100 èyí tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí àwọn ọlọ́jà. Owó ìwádìí tí ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ epo dáwọ́ dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti já irọ́ náà: kí a rí afẹ́fẹ́ àtijọ́, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ó lọ bá òjò dídì.

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Murozumi láti Japan àti Chow, gé yìnyín ní Greenland àti ní Antarctica. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí pé èéfín ọkọ̀ tí ó gbé wọn dé ibẹ̀ nìkan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Aṣọ ọ̀rá àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ ni wọ́n wọ̀. Ní 1969 wọ́n kọ èsì rẹ̀ jáde. Bí a bá yọ́ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan nínú yìnyín tí ó dì ní 800 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, òjé inú rẹ̀ kò ní pé gíráàmù kan. Bí a bá yọ́ iye kan náà nínú òjò dídì 1965, a ó rí ju 200 gíráàmù lọ. Lẹ́yìn 1940 ni ó gòkè jù, ìgbà tí mọ́tò ń pọ̀ sí i. Ní Antarctica, òjé náà kéré jìnnà sí ti Greenland, ìha àríwá ayé ni ọ̀pọ̀ mọ́tò sì wà. A kò rò pé ó ṣeé ṣe láti rí ẹlẹ́rìí tí ó sàn ju èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kì í gbé níbẹ̀, wọn kì í wa mọ́tò níbẹ̀, a kò sì lè sọ pé ẹnìkan fún un ní owó.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tán. Nígbà tí wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ ní Amẹ́ríkà ní 1971 láti jábọ̀ lórí òjé inú afẹ́fẹ́, wọn kò pe Patterson sí i. Ṣùgbọ́n láti 1973 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí dín òjé inú epo kù, ní 1986 ó kù bín-ín-tín. Láàrin ìparí ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sílẹ̀ ní ìdá 78 nínú 100. Òjò dídì náà tún gba èyí sílẹ̀. Ní 1991, Claude Boutron, ọmọ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé òjé inú òjò dídì Greenland ti dín kù ní ìlọ́po 7.5 láti ìparí ọdún 1960. Ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 1996 ni Amẹ́ríkà fòfin de epo olójé fún ọkọ̀ ojú títì pátápátá. Patterson ti kú ní oṣù kejìlá 1995, kò tíì pé oṣù kan.

Kí ó tó kú, òun àti Boutron tún rí ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Ní 1994 wọ́n fi hàn pé láàrin 500 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Ísà sí 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òjé inú yìnyín Greenland tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ó yẹ. Mọ́tò kò tíì sí nígbà náà. Èéfín àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ni, tí wọ́n ń yọ òkúta òjé lórí iná láti rí fàdákà. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé ogun àti àjàkálẹ̀ àrùn wọn náà hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn ńlá wọ ilẹ̀ Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165, òjé inú yìnyín wálẹ̀, nítorí àwọn tí ń wa kùsà ti kú tàbí wọ́n ti sá.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó kàn wá. Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sahara fẹnu kò ní Dakar láti mú òjé kúrò nínú epo, nígbà tí ó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006 wọ́n ti jáwọ́. Algeria ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní oṣù keje 2021. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìbàdàn tàbí Èkó kí ó tó di ìgbà náà ti mí in sínú. Ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ju 400 ọmọdé lọ.

Ọ̀kan ṣì kù nínú ilé wa. Òkúta òjé ni ọ̀pọ̀ tìróò tí a ń rà lọ́jà. Ní 2012, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọmọ ọwọ́ kan ní Boston, ọmọ àwọn ará Nàìjíríà, tí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n yẹ̀ wò: ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ òjé. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu lílé ojú, sùnnà ni lójú ọ̀pọ̀ wa. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà ni à ń sọ. Ọmọ kékeré a máa fi ọwọ́ nu ojú, a sì máa fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Òjé tí ó ti wọ ara ọmọ kò ṣeé fi ojú mọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni ó ń fi í hàn.