Ọwọ́ Agbẹ̀bí àti Ìdàgbà Ọmọ Inú ní Ẹdẹ

Ní Ẹdẹ, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Tìmì, tó wà létí odò Ọ̀ṣun, ilé ni àwọn aboyún ń bímọ sí kí ilé ìwòsàn tó dé, lábẹ́ àbójútó agbẹ̀bí, ìyẹn obìnrin tó mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Bí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, tí ìyá ọkọ sì ń kọminú pé ikùn kéré, agbẹ̀bí a fi òrí pa ọwọ́, a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá orí àti ìdí ọmọ, a sì wo bí ilé-ọmọ ṣe ga sókè ìdodo tó. Ìmọ̀ gidi ni èyí. Gíga ilé-ọmọ yìí kan náà ni Ellice McDonald kọ̀wé lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1906, tó ní kí a fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè sọ bóyá ọmọ kékeré ń jẹun tó láti inú ibi ọmọ. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní Alma-Ata ní 1978 náà, tó ka àwọn oníṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, ní kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ tó yẹ.