Àjọbí àti Àjọgbé: Bí Àjàyí Crowther Ṣe Rí Ẹbí ní Freetown

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí òkè òkun la ní ẹnì kan tí à ń pè ní Mọ́mì tàbí Àǹtí, tí kò sì bá wa tan rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló so ìdílé wa pọ̀. Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé, “Ṣé àbúrò màmá yín ni?”, a máa ń wá ọ̀rọ̀ tì. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun láàárín Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sierra Leone.

Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n yà wọ́n nípa. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gbà wọ́n.

Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1837 pé ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi nínú ọkọ̀ ogun yẹn. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n rò pé orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Àwọn mẹ́fà tí ìyà ti sọ di ọ̀rẹ́ ti fara mọ́ ara wọn, kí wọ́n lè jọ kó wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n rí pátákò ẹran náà lọ́kàn wọn tó balẹ̀.

Yorùbá ní àjọbí, wọ́n sì ní àjọgbé. Àjọgbé àwọn mẹ́fà yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wàásù fún wọn.

Ní Freetown, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá ara wọn pàdé, àwọn tí ogun ti yà sọ́tọ̀ nílé. Nítorí “ẹ kú” tí wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní Akú. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà! Ilé ìwé àti ilé ìsìn àwọn míṣọ́nnárì sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n lè máa pé sí. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwé, tó ṣèrìbọmi ní 1825, tó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Asano, tí òun pẹ̀lú bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi.

Ṣé ẹbí tuntun yìí mú kó gbàgbé Àfàlá ni? Rárá o. Àwọn Akú kò gbàgbé ilé. Láti 1839 ni wọ́n ti ń padà sí Badagry, kí wọ́n lè dé Abẹ́òkúta. Àwọn onígbàgbọ́ tó wà nínú wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọ rán olùkọ́ tẹ̀ lé àwọn. Crowther, tó ti di àlùfáà ní 1843, wà lára àwọn tí wọ́n rán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn méjèèjì ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn.

Ní 1848, ó ṣèrìbọmi fún un, Àfàlá sì di Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Orúkọ tí Àjàyí gbà lọ́wọ́ àjèjì ló wá mú orúkọ bá ìyá tó bí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín ẹni tí Mọ́mì ṣọ́ọ̀ṣì yín jẹ́, ẹ má tijú. Ẹ ní alájọgbé wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ pe ìyá àgbà tó wà nílé náà lónìí. Àjọgbé tó dáa kì í gba ipò àjọbí. Òun ló ràn Àjàyí lọ́wọ́ tó fi padà délé.