Iná Lára Fáírọ́ọ̀sì

Ọdún 1939 ni Kausche, Pfankuch àti Helmut Ruska fi awò electron ya fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé tábà jẹ́, ní Jámánì. Ó hàn kedere. Àmọ́ kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú awò yẹn, ohun tó bá wọ ibẹ̀ ti gbẹ. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìrìn ẹni látinú àwòrán òkú rẹ̀?

Awò onímọ́lẹ̀ lásán ò kì í pa sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n láti 1873 ni Ernst Abbe ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó bá kéré sí nanomítà 200 tàbí bẹ́ẹ̀, ìrísí rẹ̀ ò ní hàn. Fáírọ́ọ̀sì HIV ò ju nǹkan bíi 120 lọ. Ẹ wá wò ó: lóru, a kì í rí ọ̀kadà tó wà lókèèrè. Iná rẹ̀ là ń rí, a ó sì mọ ibi tó ń gbà.

Ara jellyfish ni iná ọ̀hún ti wá. Osamu Shimomura, ọmọ Japan, ló kó wọn nínú òkun Friday Harbor, l'Amẹ́ríkà, ní 1961, tó rí pùròtéènì tó ń tàn bí ewé tútù: GFP. Ní 1992, Douglas Prasher gbé jíìnì rẹ̀ jáde. Owó ìwádìí rẹ̀ ti tán, ló bá fi jíìnì náà ránṣẹ́ sí Martin Chalfie àti Roger Tsien. Nígbà tí àwọn méjèèjì àti Shimomura gba Nobel ní 2008, awakọ̀ ni Prasher nílé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò ní Alabama. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́, ṣé ẹ ń gbọ́?) Chalfie àti Tsien sanwó ìrìn àjò rẹ̀ lọ sí Stockholm. Ó dáa, àmọ́ lójú tèmi, kò tó.

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ̀ pé èèyàn lè fi ìlà kan kún un láti wá àṣìṣe, kí ìlà yẹn sì yí ìṣe kóòdù padà. Nǹkan bíi lẹ́tà 9,700 ni gbogbo jíìnì HIV. GFP nìkan lé ní 700. Torí náà, David McDonald, Thomas Hope àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò tì í bọ inú jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà ní 2002. Wọ́n so GFP mọ́ Vpr lọ́tọ̀, fáírọ́ọ̀sì sì gbé e dání bó ṣe ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá rí i tó ń tọ ojú ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì lọ síbi tí DNA wà.

Lọ́dún kejì, Xiaowei Zhuang àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harvard re fáírọ́ọ̀sì flu láró. Aró náà fún pọ̀ débi pé ó ń pa iná ara rẹ̀. Ìgbà tí awọ fáírọ́ọ̀sì bá ya mọ́ awọ àpò tó gbé e nínú sẹ́ẹ̀lì ni aró á tú ká, iná á sì mọ́ yòò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá tí fáírọ́ọ̀sì já wọlé gan-an nìyẹn, wọ́n sì rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀.