Owó Àpò Gbogbo Wa: Ìrànwọ́ Sí Ilẹ̀ Òkèèrè Ní Àsìkò Ìdìbò

Ní ọjọ́ 22, oṣù Èrèlé, ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu ìwé kan pé kí a ná ₦1,145,000,000 láti ra ọkọ̀ Toyota Land Cruiser mẹ́wàá fún orílẹ̀-èdè Niger. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì tí ó gbà tó oṣù mẹ́jọ kí ó tó parí. Ará ìlú kò gbọ́ nípa ọkọ̀ wọ̀nyí títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, nígbà tí ẹ̀dà ìwé náà jáde lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ariwo ta. Àwọn akọ̀ròyìn dojú ìbéèrè kọ Mínísítà fún ètò ìnáwó, Arábìnrin Zainab Ahmed. Ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Nàìjíríà yóò ran àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, àti pé kí wọ́n lè dáàbò bo ilẹ̀ wọn ni a ṣe ṣe é. Ó fi kún un pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, ṣùgbọ́n Ààrẹ náà ní ojúṣe láti pinnu ohun tí yóò ṣe orílẹ̀-èdè ní àǹfààní.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò, nítorí pé ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń jáde lẹ́nu àwọn aláṣẹ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, ₦114,500,000 ni ọkọ̀ kan. Ní ọdún náà, ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba iye yìí ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 318, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí ó tó lè ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ọdún 2022 kì í ṣe ọdún tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò gbàgbé. Ní ọjọ́ 5, oṣù Òkúdu, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọsìn. Gómìnà Rótìmí Akérédolú sọ fún aráyé pé ogójì ènìyàn ni ó kú. Ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ńlá ní Àbújá láti yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ. Ní oṣù Owewe ọdún kan náà, Gómìnà figbe ta pé wọn kò gbà kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tí ó lágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni a rí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ní òkè ọya tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ní Àkúrẹ́, ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí FUTA, pa rọ́rọ́. Àwọn tí ń ta oúnjẹ, àwọn tí ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onílé tí ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ni ìyanṣẹ́lódì náà kàn. Ẹni tí ó bá rántí èyí yóò mọ ìdí tí ọkọ̀ mẹ́wàá fi di ọ̀rọ̀ ńlá. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Síbẹ̀, òdodo ni kí a sọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Orílẹ̀-èdè Niger bá wa pààlà láti ìhà Sókótó títí dé adágún Chad. Nígbà tí Boko Haram ń lé àwọn ará Bọ̀nọ́ kúrò nílé, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sá lọ sí ẹkùn Diffa ní Niger, níbi tí àwọn tálákà ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbà wọ́n sílé. Ní ọdún 2022, àwọn ọmọ ogun Niger náà wà nínú ikọ̀ àjùmọ̀ṣe tí ó ń bá àwọn apanilẹ́kún wọ̀nyí jà. Ẹni tí ó bá sọ pé Nàìjíríà kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí Niger rárá kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: owó ta ni a fi ṣe oore náà, ta ni a sì kọ́kọ́ sọ fún?

Ìtàn ìbéèrè yìí gùn. Ní ìparí ọdún 1973, ogun tí ó wà láàárín àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì mú kí iye owó epo rọ̀bì gòkè láti nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta sí nǹkan bíi dọ́là méjìlá fún àgbá kan, láàárín oṣù mélòó kan. Owó ya wọ Nàìjíríà bí omi òjò. Ìgbà náà ni wọ́n ń so ọ̀rọ̀ kan mọ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, pé owó kọ́ ni ìṣòro Nàìjíríà, bí a ó ti ná an ni ìṣòro. Ìtàn pé a bá erékùṣù kan ní Karíbíà san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ni. Ní ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1974, Gowon kéde pé gbígbé ìjọba fún alágbádá ní ọdún 1976 kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ará ìlú kò ní ìbò tí yóò fi bèèrè. Nígbà tí àwọn sọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 29, oṣù Agẹmọ, ọdún 1975, Kampala ni ó wà, níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá àwọn aláwọ̀ funfun yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí ń jà fún òmìnira ní gúúsù Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi oúnjẹ ọ̀sán du ara wọn kí wọ́n lè dá tiwọn. Owó-orí Mandela ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ìjọba ológun ni èyí náà, a kò sì lè sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n yọ owó rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ̀ pé òun dá owó, ó mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó sì mọ ẹni tí a fẹ́ fún. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó dá a fi ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn títí di òní. Ní ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà fi mílíọ̀nù 80 dọ́là sílẹ̀ ní Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ lè máa yá a. Owó èlé kékeré ni, ìwé sì wà tí a kọ ọ́ sí. Ní ọdún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, a tún bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ sí àwọn ilẹ̀ tí ó nílò wọn. Èyí jẹ́ oore tí a lè ka iye rẹ̀, tí a sì lè dárúkọ ẹni tí ó ṣe é.

Làìbéríà ni ibi tí ìṣirò ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Ògún, ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia, Nàìjíríà ni ó sì ru ẹrù tí ó wúwo jù. Nígbà tí Ọbásanjọ́ padà dé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ alágbádá ní ọdún 1999, ó sọ fún àgbáyé pé bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni a ti ná sórí irú iṣẹ́ àlàáfíà bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibo ni ìwé ìṣirò rẹ̀ wà? Èwo nínú ilé aṣòfin wa ni ó jókòó lé e? Àwọn ọmọ ogun wa tí ó kú níbẹ̀ pọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà méjì, Krees Imodibie àti Táyọ̀ Awótúsìn, náà lọ, wọn kò sì padà wálé.

Ohun tí ó tún jọni lójú jù ṣẹlẹ̀ ní Sierra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1998, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dá Ààrẹ Tejan Kabbah, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ dìbò yàn, padà sórí àlééfà. Ọ̀gágun Sani Abacha ni ó rán wọn. Ní àkókò náà gan-an, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tí ó jáwé olúborí nínú ìdìbò June 12, ọdún 1993, wà ní àhámọ́ ìjọba kan náà. Owó wa ni a fi ra ìjọba àwa-ara-wa fún ẹlòmíràn, nígbà tí tiwa wà nínú túbú. Ní ọjọ́ 7, oṣù Agẹmọ ọdún náà, Abíọ́lá kú láìdé ilé.

Ìjọba alágbádá dé, àṣà náà kò yí padà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2019, nígbà tí ìdìbò gbogbogbòò tiwa ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba àpapọ̀ fún Guinea-Bissau ní ẹ̀rọ ìdìbò 350, alùpùpù mẹ́wàá, ọkọ̀ Hilux márùn-ún, ọkọ̀ akẹ́rù méjì àti 500,000 dọ́là kí wọ́n lè ṣe ìdìbò wọn. Nígbà tí ó di òru ọjọ́ 16, oṣù Èrèlé, tí àwọn ènìyàn ti rìnrìn àjò padà sí abúlé láti dìbò, àjọ elétò ìdìbò tiwa kéde pé àwọn ohun èlò kò tíì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, wọ́n sì sún ìdìbò síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ni ó wá gbẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́wàá ti Niger? Ní ọjọ́ 26, oṣù Agẹmọ, ọdún 2023, àwọn sọ́jà Niger gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum, ẹni tí ó wà nípò nígbà tí a ṣe oore náà. Nàìjíríà, lábẹ́ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, gé iná mọ̀nàmọ́ná tí a ń fún wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso kéde pé àwọn kò ṣe ECOWAS mọ́. Láàárín ọdún méjì, ọ̀rẹ́ tí a ra ọkọ̀ fún di ẹni tí a kò bára wa sọ̀rọ̀. A kò lè dá ìjọba kan lẹ́bi pé kò mọ̀la. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé a ti gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn aṣòfin ní gbangba, ẹnì kan ì bá ti bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹrù wa bí ìjọba ibẹ̀ bá yí padà.

Àwọn mìíràn máa ń ṣe é ní gbangba. Ní Bìrìtìkó, òfin ọdún 2015 ló sọ iye tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa fi ran òkèèrè lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba fẹ́ dín in kù ní ọdún 2021, àwọn aṣòfin jiyàn lé e lórí, wọ́n sì dìbò, 333 sí 298. Ọmọ Yorùbá tí ń san owó-orí ní Peckham lè mọ bí aṣòfin tirẹ̀ ṣe dìbò ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ń san owó-orí ní Àkúrẹ́ kò mọ ohun tí aṣòfin rẹ̀ sọ nípa ọkọ̀ Niger, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi aṣòfin náà.

Òfin kò sì ṣàìsí níbí. Abala 80 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú owó kúrò nínú àpò ìjọba àpapọ̀ àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá fọwọ́ sí i, tàbí bí ìwé òfin fúnra rẹ̀ bá pa á láṣẹ. Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba sì ti wà láti ọdún 2011. Nítorí náà, ohun tí mínísítà sọ kò pé. Ojúṣe Ààrẹ ni láti pinnu, lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn tí a dìbò yàn láti ṣọ́ àpò bá ti rí ohun tí ó fẹ́ mú níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti bèèrè kò wúlò bí a bá ti ná owó tán kí ẹni tí ó ni ín tó gbọ́.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Àwọn olùdíje yóò dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, wọn yóò sì dé ìlú Oǹdó, pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bi àwọn tí ń du ilé aṣòfin ní ohun mẹ́ta. Ṣé wọn yóò béèrè pé kí a máa kọ gbogbo ẹ̀bùn àti ẹ̀yáwó tí a fún ilẹ̀ òkèèrè sínú ìwé ìṣúná ọdọọdún, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ìdí rẹ̀? Ṣé wọn yóò pe mínísítà láti wá ṣàlàyé ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde? Bí ìjọba bá sì tún fẹ́ fún aládùúgbò ní ohun tí a fi ń ṣọ́ ìlú, ṣé wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ní lọ́wọ́?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn nígbà tí ó ń wá ìbò, kò ní dáhùn nígbà tí ó bá ti wọlé. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú, orí àwa tí a kò jẹ níbẹ̀ ni igbá náà máa ń wà.