Reims, 1909: Ọ̀sẹ̀ tí ogunlọ́gọ̀ gbójú sókè

Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Yúróòpù kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, a máa ń fi àwòrán kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Káàdì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn Faransé máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí láti ìrìn àjò. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin dé fìlà koríko, àwọn obìnrin dé àkẹtẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí wa, wọ́n gbójú sókè. Ohun tí wọ́n ń wò kò sí nínú àwòrán náà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan bi wá léèrè pé: «Ọ̀gá, ǹjẹ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò?» A dá a lóhùn pé wọ́n mọ̀. Nígbà tí a délé, ìdáhùn náà kò tẹ́ wa lọ́rùn mọ́, òun ni ó sì bí àròkọ yìí.

Bétheny ni orúkọ ibẹ̀, ilẹ̀ oko títẹ́jú kan lẹ́bàá ìlú Reims, ní agbègbè Champagne. Láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1909, wọ́n pe àpéjọ kan síbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Grande Semaine d'Aviation de la Champagne. Kò tíì sí àpéjọ ọkọ̀ òfurufú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù keje, ni Louis Blériot ti fò kọjá òkun tí ó pààlà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Gbogbo ènìyàn ti kà nípa ọkọ̀ òfurufú nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tí ó ti fi ojú ara wọn rí i kò pọ̀.

Àwọn oníṣòwò ọtí Champagne ni ó gbé owó kalẹ̀. Máàkíìsì de Polignac, ti ilé ọtí Pommery, ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀, àpapọ̀ owó ẹ̀bùn tí wọ́n sì là sílẹ̀ tó 200,000 franc. Ẹni tí ó bá ti ṣòwò rí yóò mọ̀ pé wọn kò ná owó náà lásán. Wọ́n kọ́ àgọ́ ìjókòó fún àwọn olówó, wọ́n ṣe ilé oúnjẹ, wọ́n sì fi òpó sàmì sí ojú ọ̀nà ìdíje kan tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 10. Ọkọ̀ 38 ni wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kúrò nílẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kìíní, òjò ni ó kọ́kọ́ pàdé àwọn èrò. Ilẹ̀ Bétheny di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ rì, bàtà àwọn ọlọ́lá rì. Wọ́n ta àsíá dúdú sókè, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí fífò. Ẹni tí ó bá lọ síbi ìran irú èyí nígbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé dídúró ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kí ẹ̀rọ gbà láti ṣiṣẹ́, kí wọ́n fa ọkọ̀ jáde, kí wọ́n tún tì í padà. Àwọn ènìyàn náà dúró. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ojú ọjọ́ là, ọkọ̀ kan gbéra, òmíràn tẹ̀lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ 7 ni ó wà lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 3 ṣáájú, kò sí ẹni kan ní gbogbo Yúróòpù tí ó tíì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fò dé ìwọ̀n kìlómítà kan.

Àwọn ọkọ̀ òfurufú alápò gáàsì ńláńlá náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lókè bí màlúù tí ó yó. Èyí ń pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó jọ pé láti ara ballon ni orúkọ náà «bàálù» ti wọ èdè wa. Ní Bétheny, àgbà àti àbúrò jọ wà lójú ọ̀run kan náà. Àbúrò ni ó borí, ṣùgbọ́n orúkọ àgbà ni àwa fi ń pè é títí di òní.

Ní ọjọ́ 27, Henri Farman fò yíká, yíká, fún ohun tí ó ju wákàtí 3 lọ, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó rin kìlómítà 180, ó sì gba 50,000 franc. Kò ga sókè púpọ̀. Kò sì wuni í wò, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Lójú tiwa, òun ni ó ṣe ohun tí ó wúwo jù lọ́sẹ̀ náà, nítorí ọkọ̀ tí ó lè fò fún wákàtí 3 kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́. Hubert Latham, tí ó ti já sínú òkun lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù keje, ni ó ga jù, mítà 155. Ní ti eré sísá, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Glenn Curtiss, tí ó mú ọkọ̀ kan ṣoṣo wá, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 borí Blériot nínú ìdíje Gordon Bennett, lórí kìlómítà 20. Àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n ta sókè níwájú àwọn Faransé tí wọ́n ti múra láti yọ̀.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọkọ̀ Blériot já, ó sì gbiná. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ níbẹ̀ láàyè. Eugène Lefebvre, tí eré rẹ̀ lókè ti dá àwọn èrò lára yá, kú ní Juvisy ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 9 péré lẹ́yìn tí àpéjọ náà parí. Ọ̀gágun Ferber, tí òun náà fò ní Bétheny, kú ní Boulogne nínú oṣù kan náà.

Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó wá ìran náà wò. Ààrẹ Fallières wá. Lloyd George, mínísítà fún ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá. Àwọn ológun náà wá, wọn kò sì wá jẹun lásán: kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ òfurufú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, àgbá àwọn ará Jámánì dáná sun kàtídírà Reims. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ní Jonchery-sur-Vesle, tí kò jìnnà sí Reims, Joseph Frantz àti Louis Quenault fi ìbọn já ọkọ̀ òfurufú Jámánì kan lulẹ̀ láti inú ọkọ̀ tiwọn. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òfurufú fi ìbọn já òmíràn. Voisin ni ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Bétheny ní ọdún 5 ṣáájú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ní àkókò ogun yẹn, àwọn aláṣẹ Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Dahomey. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobè àti Kétu, dìde sí àwọn aláṣẹ náà; ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa sì kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Àwọn tí wọn kò rí ọ̀nà sá di tirailleurs sénégalais, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ Senegal rí. Ní ọdún 1918, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí ó dáàbò bo Reims. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ fún wọn nínú ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wó o ní ọdún 1940. Wọ́n tún un gbé kalẹ̀, ààrẹ Faransé sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọdún 2018. Bí ọmọ Dahomey kan bá wà nínú kòtò ogun lẹ́bàá Reims, tí ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ lókè, òun náà gbójú sókè. Kò ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a padà lọ bá ọmọbìnrin náà ní kíláàsì. A sọ fún un pé ìdáhùn wa kò pé: púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn yẹn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọ aṣọ ológun mọ̀. Ó gba káàdì náà lọ́wọ́ wa, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn láàárín èrò.